Nọ́ọ̀sì Morọ́láyọ̀ àti Ọmọ Tó Dojú Bo Àga

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ Toyota aláwọ̀ eérú kan láàárọ̀, tó ń bọ̀ láti ìhà Clinton ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, tó ń rọra fà lórí títì Route 5 bí ẹni pé ẹyin ló kó sẹ́yìn, tí gbogbo ayé sì ń fun fèrè lé e lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣépè. Nọ́ọ̀sì Morọ́láyọ̀ Ẹniafẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà. Oúnjẹ àárọ̀ ló ń jẹ lọ́wọ́. Ó ní òun ò lè fi inú òfìfo gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́, nítorí ọwọ́ ẹni tí ebi ń pa máa ń gbọ̀n, ọmọdé sì máa ń rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n kó tó rí ojú ẹni tó ni ín.

Obìnrin náà ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ó ga, ó sanra bó ṣe yẹ ìyá, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Maryland ló sì ti tọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ti wà ní yunifásítì báyìí, àwọn tó jẹ́ pé gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo tí wọ́n lè sọ láìṣì ni "Mọ́mì, ẹ lọ sùn." Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Nígbà tí ewé igi bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí òtútù ń kan ilẹ̀kùn, á tún kó ara rẹ̀ mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé láti fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlù, ọ̀fìnkìn líle tó ń bá òtútù rìn.

"Mọ́mì, ẹ lọ sùn," ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wí.

"Ta ló sọ fún yín pé oorun ń kùn mí?" ni yóò dá wọn lóhùn lórí àga. Kó tó parí ọ̀rọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ á ti là sílẹ̀, oorun á ti gbé e lọ.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Morọ́láyọ̀ mọ ohun tó ń lé kiri. Ó ti rí ọmọ ọdún mẹ́rin tí fúlù dá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ti ẹyẹ tí wọ́n ká mọ́ kọ̀rọ̀. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ìyá kan bá sọ fún un pé "Ọ̀fìnkìn náà ni, á lọ," ńṣe ló máa ń fa àga jókòó tì í. Ó tún mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí tó wà ní àdúgbò wọn, pàápàá àwọn èèyàn tirẹ̀ tó ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, kì í ráyè lọ jókòó de dókítà. Tí ọmọ ò bá lè lọ bá abẹ́rẹ́, kí abẹ́rẹ́ dìde kó lọ bá ọmọ nílé ìwé. Bó ṣe rí i nìyẹn.

Ó sì ní bó ṣe ń ṣe é. Kì í purọ́ fún ọmọdé. Kò ní sọ pé "Kò ní dùn ẹ́." Ohun tó máa ń sọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba Ọ̀yọ́ kọjá, ni pé, "Á dùn ẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèrà bá gé ẹ jẹ." Lẹ́yìn náà ni yóò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó ń bi gbogbo wọn:

"Ta ló ń hanrun jù nínú ilé yín?"

Ọmọ wo ni wọ́n máa bi ní irú ìbéèrè yẹn tí kò ní ronú? Á gbójú sókè, á wo òrùlé, ẹ̀rín á bọ́ sí i lẹ́nu. "Bàbá àgbà mi ni! Ajá wa gan-an máa ń sá jáde nítorí ẹ̀!" Kó tó dé ibi tí ajá ti sá, abẹ́rẹ́ ti wọlé, abẹ́rẹ́ ti jáde, pílásítà ti wà lápá. Báyìí ni Morọ́láyọ̀ ṣe di ẹni tó mọ gbogbo ẹni tó ń hanrun láti Capitol Heights dé Beltsville. Bí ó bá pàdé bàbá kan níbi ìpàdé òbí, tó wọ kóòtù, tó ń rìn bí aṣòfin, ńṣe ló máa ń fọwọ́ bo ẹnu, torí àṣírí ọ̀gbẹ́ni náà ti dé etí rẹ̀ láti ẹnu ọmọ.

Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni Jesse, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí sí Capitol Heights, tó ga bí òpó iná, tó sì ní sùúrù bí ẹni tí àwọn àǹtí tọ́ dàgbà. Morọ́láyọ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kò sì ní jẹ́ kó fọwọ́ kan kúlà tí àwọn abẹ́rẹ́ wà títí yóò fi kí òun tán.

"Jesse, o ò tíì kí mi láàárọ̀ yìí."

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Jesse wí, ó sì tẹríba.

"Ẹ̀yìn ẹ ò tẹ̀ dáadáa. Ṣé pákó ni wọ́n fi ṣe ẹ́ ni?"

"Mísì Láyọ̀, bí ẹ̀yìn mi bá kán, ta ló máa bá yín gbé kúlà?"

"Mo gbọ́. Gbé e, jẹ́ ká lọ."

Ọjọ́ tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ni. Yàrá ìkàwé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Capitol Heights ni wọ́n fi ṣe ibi ìgbabẹ́rẹ́. Wọ́n ti àwọn tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbé àga kékeré kan sí àárín fún ọmọ tó bá kàn, àwọn ọmọ sì ń tò wọlé ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, àwọn tí òbí wọn ti fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ń lọ geerege. Èèrà ń gé wọn jẹ, wọ́n ń tú àṣírí bàbá wọn, wọ́n ń gba sítíkà, wọ́n ń lọ.

Nígbà tó kan kíláàsì kejì, Jesse tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ó... Olámi... Mísì Láyọ̀, ẹ gbà mí o."

Morọ́láyọ̀ na ọrùn wò ó. "Ọlámipọ̀sí! Ọlámipọ̀sí Ayọ̀wálé! Ẹ̀hẹ́n! Ọmọ wa rè é!"

Ọmọkùnrin kékeré kan jáde láàárín àwọn tó tò. Súwẹ́tà rẹ̀ tóbi jù ú, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti Ìbàdàn dé, láti ìgbà tó sì ti dé ni gbogbo ilé ìwé ti ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́ rè é tí ẹnì kan pè é níbẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é. Ojú ọmọ náà là bí àárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà." Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Káàárọ̀, ọkọ mi! Ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni mà."

Ayọ̀ gun Morọ́láyọ̀ lórí, ibẹ̀ ló sì ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ èèrà. Kò béèrè ẹni tó ń hanrun. Ọmọ náà ti wà lórí ìlà látàárọ̀, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ gììrì lókè orí rẹ̀, ohun tó sì rò ni pé sítíkà ni wọ́n ń pín, torí gbogbo ẹni tó ń padà bọ̀ ló ní tirẹ̀. Morọ́láyọ̀ ò mọ̀. Ó kàn fi ìfẹ́ la ọwọ́ méjèèjì, ó ní:

"Ó yá, ọkọ mi, wá gbabẹ́rẹ́."

Gbabẹ́rẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe lára ọmọdé. Ní kílíníkì àdúgbò tí wọ́n ń gbé Ọlámipọ̀sí lọ n'Íbàdàn, bí ibà bá dé, ìdí ni wọ́n ń gún. Bí ikọ́ ò bá lọ, ìdí náà ni. Ọmọ tó bá gbọ́n kì í dúró kí àgbàlagbà mẹ́ta mú òun mọ́lẹ̀. Á tètè ṣe ohun tó yẹ kó lè tètè parí. Ọlámipọ̀sí sì gbọ́n. Ó yí ẹ̀yìn sí nọ́ọ̀sì, ó dojú bo àga náà, ó fi ikùn lé e, ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó ti ìdí sókè nínú ṣòkòtò rẹ̀, ó di ojú pinpin, ó sì fún eyín pọ̀ de Ọlọ́run.

Gbogbo ojú tó wà lórí ìlà yí sí i.

Ni Morọ́láyọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ara rẹ̀ ló rí. Ó rí ọmọbìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn l'Ọ́yọ̀ọ́, tí ìyá rẹ̀ jókòó lé lẹ́sẹ̀, tó ń pariwo pé òun ò ní ibà mọ́, ó ti lọ, ó ti lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò ní ògbufọ̀. Àwọn ọmọ tó tò gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, làwọn náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan nínú wọn tí ń jẹ́ Sufyan na ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, ó fọwọ́ gbá a pàà, ni ẹ̀rín bá tún di ìlọ́po méjì.

Ọlámipọ̀sí la ojú. Ó wẹ̀yìn. Ó rí i pé apá ni pílásítà àwọn ọmọ yòókù wà. Ó rí Sufyan. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló wá rí ẹ̀rín lẹ́nu ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ pè, èyí ló sì dùn ún jù. Ó dìde, ó fa súwẹ́tà rẹ̀ wálẹ̀, ó sá wọ àárín àwọn àpótí ìwé, kò sì jáde mọ́.

Ẹ̀rín kú mọ́ Morọ́láyọ̀ lẹ́nu.

Tíṣà wọn sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní bàbá ọmọ náà pe òun láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ bímọ obìnrin kan kó tó tó àkókò, ọmọ náà kéré gan-an, ó ṣì wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, ìyá sì ń bá a gbé níbẹ̀. Ọlámipọ̀sí ò tíì fojú kàn án. Ní àsìkò òtútù báyìí, wọ́ọ̀dù náà kì í jẹ́ kí ọmọdé kankan wọlé bí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ fúlù. Sátidé yìí ni bàbá fẹ́ gbé e lọ, ó sì ti ṣèlérí fún un. Ó bẹ̀ wọ́n pé, jọ̀wọ́, kí wọ́n rí i pé ó gbà á lónìí.

"Kí ló dé tí wọn ò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà?" ni Jesse béèrè.

"Wọn ò tíì rí dókítà ọmọdé tó máa tètè gbà á. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún wọn."

Ìlànà kan wà nínú iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì yìí: ọmọ tó bá ní òun ò gbà, wọn kì í dì í mú. Morọ́láyọ̀ fẹ́ràn ìlànà náà, torí kò tíì gbàgbé ìwúwo ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ọjọ́sí. Àmọ́ lọ́jọ́ yìí, ìlànà náà dúró bí odi láàárín ọmọ kan àti àbúrò rẹ̀.

"Ṣé ká ní ó kọ̀ ni?" ni Jesse béèrè.

"Máa bá àwọn yòókù lọ. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni màá lọ tún un ṣe."

Ó rọra gba àárín àwọn àpótí ìwé kọjá. Ó rí ìpẹ̀kun bàtà kékeré méjì ní kọ̀rọ̀. Kò wo ọ̀nà ibẹ̀. Ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, orúnkún rẹ̀ ké, ó sì fa ìwé kan yọ.

"Ìwé yìí mà dára o," ló ń wí bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. "Erin ni wọ́n yà síwájú ẹ̀."

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú.

"Erin tó ní irun lára. Èmi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Ọ̀bọ ni," ni ohùn kan wí láti kọ̀rọ̀.

"Ọ̀bọ kẹ̀? Erin ni jàre. Ojú mi ni ò ríran, mi ò mú awò ojú mi wá."

"Ó wà lórí yín, mà."

"Èwo?"

"Awò yín. Ó wà lórí yín."

Morọ́láyọ̀ fọwọ́ kan orí, ó pariwo "Ye!" bí ẹni tí ejò bù jẹ. Bàtà kékeré náà mì. Ẹ̀rín ti fẹ́ yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín fà á padà.

"Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín," ni Ọlámipọ̀sí wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín."

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ Morọ́láyọ̀, àgbà kì í bẹ ọmọdé. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, ẹran á kàn pọ̀ sí i nínú ọbẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ilé á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò, ó ti kan bisikíìtì tó wà níbẹ̀. Ó fi bisikíìtì náà sílẹ̀, ó fa ọwọ́ yọ lófìfo.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Mi ò ṣe dáadáa. Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹ, mi ò ṣàlàyé. Ó yẹ kí n pa ẹnu mọ́, mo rẹ́rìn-ín. Má bínú, Ọlámipọ̀sí. Dákun."

Ọmọ náà yọ orí jáde. Ó wò ó bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí kẹ̀kẹ́.

"Ṣé ẹ̀ ń bẹ̀ mí ni, mà?"

"Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò burú." Ó jáde ní kọ̀rọ̀, ó wá jókòó, kò jìnnà púpọ̀, kò sì sún mọ́ jù. "Dádì ní àbúrò mi kò ju búrẹ́dì lọ. Búrẹ́dì kékeré."

"Àwọn ọmọ kéékèèké máa ń gbó lẹ́nu tó bá yá. Ṣé ó mọ̀ ẹ́?"

"Ó mọ ohùn mi. Nígbà tó wà nínú ikùn, bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá gbé ẹnu sí ikùn Mọ́mì, màá ròyìn fún un. Ohun tí tíṣà sọ. Ohun tí wọ́n jẹ. Ẹni tó ṣubú nínú bọ́ọ̀sì." Ó ń fa òwú kan lára súwẹ́tà rẹ̀. "Látìgbà tó ti jáde, mi ò tíì ròyìn fún un. Bóyá ó rò pé mo ti padà sí Ìbàdàn."

Morọ́láyọ̀ bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Apá ni wọ́n ti ń gún un níbí, àbí?"

"Apá ni."

"Ó máa dùn mí?"

"Á dùn ẹ́ díẹ̀. Apá á sì wúwo fún ẹ títí di ọ̀la."

Ọlámipọ̀sí ro ó. "Màá gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún rẹ́rìn-ín."

"Kí la máa wá ṣe sí i?"

Ó dájú pé ọmọ náà ti ronú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tó wà, torí kò jáfara. "Ẹ̀yin náà ẹ lọ dojú bo àga. Bí mo ṣe ṣe. Kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín tán, ẹ̀rín ò ní ṣẹ́kù fún èmi."

"Háà. Orúnkún ń dùn mí o."

"Màá dì yín mú, mà."

"Ṣé bisikíìtì ò ní tó?"

"Rárá, mà."

Morọ́láyọ̀ wò ó. Ọmọ yìí, ká ní ọjà ni wọ́n gbé e lọ, òun ni ì bá máa dá iye lé ọjà fún wọn.

Ó padà sí iwájú, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo kọ́ yín. Kò dáa. Níbi tí èmi àti Ọlámipọ̀sí ti wá, báyìí la ṣe ń gbabẹ́rẹ́, a kì í sì í sunkún." Irọ́ ni gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, kì í purọ́ fún ọmọdé, àmọ́ orílẹ̀-èdè ló ń gbèjà. "Ẹ wò mí dáadáa."

Ó bọ́ awò rẹ̀ fún tíṣà. Ó yíjú sí àga kékeré náà. Ó dojú bò ó, ó fi ikùn lé e, ó di ẹsẹ̀ àga mú, ìdí àgbà Ọ̀yọ́ sì gòkè nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó dúró bí òkè. Àga náà sọ̀rọ̀. Kò yé ẹnikẹ́ni ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni.

Ẹ̀rín tó bú nínú yàrá ìkàwé náà, wọ́n gbọ́ ọ dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Sufyan jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú. Tíṣà fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Morọ́láyọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, nígbà tó sì rí i pé ó ti tó, ó fẹ́ dìde. Orúnkún ní òun ò lọ.

"Jesse."

"Mà?"

"Gbé mi."

"Ẹ ò tíì kí mi, mà," ni Jesse wí.

"Jesse! Ọlọ́run rí ẹ!"

"Mò ń dúró ni, mà."

"Ẹ káàárọ̀, sà!" ni Morọ́láyọ̀ ké lórí àga, ẹ̀rín ti mú òun náà débi pé omi ń jáde lójú rẹ̀. Jesse mú apá kan, Ọlámipọ̀sí mú ìkejì. "Ẹ mí sínú, mà," ni ọmọ náà ń wí bí agbẹ̀bí. "Ẹ rọra." Nígbà tí wọ́n gbé e dìde tán, Ọlámipọ̀sí yí ojú sí kíláàsì, àlàfo eyín rẹ̀ hàn gbangba. Ó ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

Ó jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀. Ó ká apá súwẹ́tà sókè.

"Apá yìí, mà?"

"Èyí tí o kì í fi kọ̀wé." Morọ́láyọ̀ nu ibẹ̀. Mímí rẹ̀ ò tíì balẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀. "Bí èèrà ni o. Ó yá, sọ fún mi: ta ló ń hanrun jù nínú ilé yín?"

Ọmọ náà wo òrùlé. "Mọ́mì mi ni. Ṣùgbọ́n wọn ò sí nílé. Ilé wa dákẹ́ jù."

Abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ti jáde. Morọ́láyọ̀ jù ú sọnù. Ó lẹ pílásítà náà mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Wọ́n á padà wálé, ọkọ mi. Wọ́n á hanrun títí ẹ ò fi ní lè sùn."

"Ó ti tán?"

Jesse gbójú sókè. Òun náà mọ ohun tó kù. Ó rọrùn kí èèyàn fi ìyẹn sílẹ̀ fún bàbá ọmọ láti sọ. Morọ́láyọ̀ fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Tòní ti tán. Àmọ́ ọmọ kékeré tí kò gbà á rí, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń gbà á lọ́dún àkọ́kọ́. Ìkejì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Ẹ̀rín ojú Ọlámipọ̀sí lọ. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń rò. "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé ní Sátidé, tí mi ò tíì gba ìkejì?"

Morọ́láyọ̀ ò mọ̀. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. "Mi ò mọ̀," ló wí. "A máa bi bàbá ẹ."

Nígbà tí ilé ìwé parí, kò lọ. Jesse ti kó kúlà sínú ọkọ̀, òun dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ náà, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Adékọ́lá, bàbá rẹ̀, dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń bọ̀ ní Beltsville, ojú rẹ̀ pọ́n. Bó ṣe rí Morọ́láyọ̀, ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá Ọlámipọ̀sí, ẹ má fi aṣọ iṣẹ́ nu ilẹ̀ Amẹ́ríkà."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó gbà á?"

Ọmọ náà fi apá hàn án. "Ó ku ìkan, Dádì. Wọ́n ní ó ku ìkan. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé?"

"Mo ti bi wọ́n," ni Adékọ́lá wí. "Wọ́n ní tó bá ti gba èyí àkọ́kọ́, ó lè wọlé. Kó fọ ọwọ́, kó wọ ìbòmú, kó má sì sún mọ́ ọn bó bá ń wúkọ́."

Ọlámipọ̀sí mí kanlẹ̀. Morọ́láyọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó sì wá rí i pé òun ti di èémí mú láti àárọ̀.

"Kí ẹ wọ ìbòmú náà dáadáa o," ló wí fún wọn, torí ó gbọ́dọ̀ sọ nǹkan. "Abẹ́rẹ́ yìí ò tíì gba iṣẹ́ lónìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di ọlọ́dẹ."

"A gbọ́, mà. Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún un bí wọ́n bá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Ta ló ń se oúnjẹ fún yín báyìí?"

"Èmi ni, mà."

Morọ́láyọ̀ wo ojú Ọlámipọ̀sí. Ọmọ náà wo ilẹ̀, kò sì tú àṣírí ọbẹ̀ bàbá rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn iṣẹ́ ọsibítù, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan rọra fà lọ sí ilé wọn, ìkòkò ọbẹ̀ sì wà níwájú níbi tí èèyàn máa ń jókòó sí, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn.

Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, tí igi dúró ní ìhòòhò, àwọn nọ́ọ̀sì padà sí ilé ìwé náà. Ọlámipọ̀sí ló ṣáájú ìlà. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti kíláàsì, òtútù sì ti sọ apá náà di bí ara adìyẹ tí wọ́n tu. Sufyan, tó tẹ̀ lé e, bi í léèrè bóyá ìkejì máa ń dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì dá a lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń dúró dáadáa pé èèrà ni, kì í ṣe ejò.

Kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

"Mo rí i, mà! Inú àpótí kan tó ní fèrèsé ló wà. Ọwọ́ ẹ̀ kò tó ìka mi. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo wá gbé ẹnu sún mọ́ fèrèsé náà, pẹ̀lú ìbòmú o, mo ní, 'Èmi rè é, mi ò lọ síbì kankan.'"

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló wá ṣe?" Morọ́láyọ̀ ti ń nu apá náà.

"Kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Ó ń sùn ni. Mo wá ń ròyìn lọ, mo sọ ti bọ́ọ̀sì, mo sọ ti tíṣà, ló bá yí orí, ó yí i báyìí, ó kọjú sọ́dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ rí i! Ó pe Mọ́mì kí wọ́n wá wò ó. Mọ́mì ń sunkún, mo ní kí ló ń pa wọ́n lẹ́kún, wọ́n ní kò sí. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n ti gbé e jáde nínú àpótí, wọ́n gbé e lé àyà Mọ́mì, mo sọ fún un pé ó ti sanra, torí..."

Abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde. Ọmọ náà ò tilẹ̀ dánu dúró.